Ẹja Tí Bàbá Mi Ń Fi Sílẹ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, bàbá mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Oǹdó ní gáréèjì kan ní Àkúrẹ́, wọ́n gbé báàgì kan dání. Mo mọ àkókò náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi ni. Mò ń rò ó bóyá gáàsì tó kù nílé yóò tó se oúnjẹ ẹni méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tó. Ibẹ̀ ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá bi bàbá mi, wọ́n lè ní ibòmíràn ni.

Ìpá ló gbé wọn wá. Wọ́n ti ń gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bí àwọn ọkùnrin ọjọ́ orí wọn ti máa ń ṣe, títí ìrora fi kọ lù wọ́n lóko lọ́jọ́ kan tí wọn kò lè dá dìde. Ilé ìwòsàn tí a júwe fún wọn wà ní Àkúrẹ́, èmi nìkan sì ni ọmọ wọn tó ń gbé ibẹ̀. Ìyá mi ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà lọ́nà jíjìn, àwọn náà ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́ ọmọ tiwọn. Báyìí ni yàrá mi kan ṣoṣo ṣe di ti ẹni méjì, bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí ẹní.

Mo ti jáde ní yunifásítì lọ́dún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba, níbi tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún ẹni tó bá fẹ́. Mi ò ní ka owó oṣù mi níhìn-ín. Ohun tí mo lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú ni pé kí bàbá mi tó dé, mo ti mọ bí èmi nìkan yóò ṣe jẹun dé òpin oṣù, ètò náà sì ti há débi pé kò sí àyè fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Ètò náà kò le. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọjà bá ń tú, mo máa ń lọ bá àwọn aláta, mo máa ń ra tòmátò tó ti rọ̀, èyí tí wọ́n ti ṣà sọ́tọ̀ pé kò ní di ọjọ́ kejì. Màá lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, màá sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, màá wá dín in pẹ̀lú epo díẹ̀. Ìkòkò ata kan yìí ló ń di gbogbo nǹkan. Bí mo bá da ẹ̀fọ́ sí i, ó di ọbẹ̀ tí a lè fi jẹ púpurú, òkèlè tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Bí mo bá da omi àti ìrẹsì sí i, ó di ìrẹsì aláta. Bí mo bá bu ṣíbí méjì sórí ẹ̀wà, ẹ̀wà ti di oúnjẹ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀wà ni oúnjẹ tálákà. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà wọ́n, ó sì ń jẹ gáàsì ju ìrẹsì lọ. Àmọ́ bí a bá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, tí a sì gbé e ka ààrò èédú, ó tún lè padà di oúnjẹ tálákà díẹ̀.

Iṣu kò sí nínú ètò náà rárá. Ìyá àgbà kan tó ń ta iṣu lọ́nà ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, ti bi mí nígbà kan pé ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí mo fẹ́ dúró. Mo ní mo kàn ń wò ó ni.

“Uṣu kì í ṣe fíìmù,” ni wọ́n wí, wọ́n sì yí ojú sí oníbàárà mìíràn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìgbà tí bàbá mi dé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ wọn, a sì dúró títí ọ̀sán fi pọ́n. Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni ìpá náà ń fẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ara bàbá mi kéré jù, kò sẹ́ni tí yóò gbé wọn sórí tábìlì bẹ́ẹ̀. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹja, ẹyin, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè, òun yóò fún wa lọ́jọ́. Nígbà tí bàbá mi ti jáde sí ìta, ó pè mí padà. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, pé bí ìfun bá há sínú ìpá náà, kò ní sí pé à ń yan ọjọ́ mọ́, bí a kò bá sì tètè gbé wọn dé, wọ́n lè kú.

Mo bi í pé nínú gbogbo ohun tó dárúkọ, kí ni kí n kọ́kọ́ rà bí agbára mi kò bá ká gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹja.

Ẹja tí agbára mi ká ni ṣáwá yíyan. Eegun rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹja ni. Mò ń bu ọ̀kan sí àwo bàbá mi lálaalẹ́, mo sì ń bu omi ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ sí tèmi. Bí ṣáwá kò bá sí, màá se ẹyin kan. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo gún kókò pọ̀ mọ́ iṣu kékeré kan tí mo fipá rà, nítorí pé ọmọ Oǹdó ni bàbá mi, ohun tí a kò bá gún kò tíì di oúnjẹ lójú wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n ní ó dára, pé ènìyàn ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kókò ni. Wọ́n fi òkèlè mélòó kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja náà lódindi, wọ́n sì fọwọ́.

Mo rò pé eegun ni wọn ò fẹ́. Nígbà tó yá mo yọ eegun rẹ̀ kúrò ṣáájú, wọ́n ṣì fi í sílẹ̀. Mo se ẹyin, wọ́n jẹ ìdajì. Mo wá se mọ́ínmọ́ín, mo fọ́ ẹja sáàárín rẹ̀, torí mo rò pé mọ́ínmọ́ín kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Bàbá mi jẹ etí rẹ̀ yí ká, wọ́n dé ibi tí ẹja wà, wọ́n sì fi ewé rọra pọ́n ìyókù padà bí ẹni tó fẹ́ kó o lọ sí ìrìn àjò.

Ilé tí mò ń gbé jẹ́ ilé oníyàrá kọjúsíra, ilé ìdáná kan ni gbogbo wa sì ń lò lẹ́yìnkùlé. Àlájà kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́, tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba. Kò sí ìkòkò tí à ń gbé kaná tí Àlájà kì í wo inú rẹ̀, kò sì sí àwo tó ń jáde tí Àlájà kì í rí.

“Bàbá Oǹdó,” ni Àlájà wí lọ́jọ́ kan, “ṣé ọmọ yín ò mọ ọbẹ̀ sè ni? Ẹ ń jẹun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.”

“Ó mọ̀ ọ́n sè,” ni bàbá mi dáhùn. “Ẹni tí yóò fẹ́ ẹ ni mò ń wá.”

“Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ sanra ná. Ta ni yóò fọmọ fún ilé tí bàbá ọkọ ti ń gbẹ bíi pańla?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Mo ti jí ṣa ẹ̀wà ní ìdájí kí n lè rẹ ẹ́, mo ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ti rìn wálé láti tọ́jú owó kẹ̀kẹ́, mo sì ti fẹ́ èédú títí ojú mi fi pọ́n. Bí ènìyàn bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, tí ẹja sì tún padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú àwo, kì í ṣe ìbínú ló máa ń ṣe é. Ó máa ń dà bíi pé kó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ kó má dìde mọ́.

A kò ní fíríìjì, bí a bá sì ní in, iná kò ní sí. Nítorí náà, ohun tí bàbá mi bá fi sílẹ̀ lálẹ́, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. Màá da omi sí gàrí, màá fi ẹja náà mu ún kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi á ti jí nígbà náà. Wọ́n á wo òkè àjà, wọ́n á sì máa gbọ́ bí mo ṣe ń jẹun.

Nígbà tí a padà sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ náà gòkè díẹ̀, àmọ́ kò tó ohun tí à ń wá. Dókítà bi mí bóyá wọ́n ń lo oògùn. Mo ní èmi fúnra mi ni mò ń fi í sí wọn lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n ń jẹun. Mo ní wọ́n ń jẹun. Irọ́ kọ́ ni mo pa, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti rí i pé ìdáhùn náà kò kún. Ó ní òun yóò fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù. Bí a bá pàdánù èyí, òun kò lè ṣèlérí ìgbà tí òmíràn yóò jẹ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, Àlájà ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n yára. Bàbá mi ń fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọwọ́ wọn kan wà ní abẹ́ ikùn, òógùn bo iwájú orí wọn. Èmi àti Àlájà gbé wọn wọlé, a tẹ́ wọn sílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ wọn sókè bí dókítà ti kọ́ mi. Ó pẹ́ kí ìpá náà tó padà wọlé. Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan, pé wọ́n kàn fa omi ni. Àlájà, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi èyí ṣe é. Ó kàn lọ sí yàrá tirẹ̀, ó gbé omi gbígbóná wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ àwo náà bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu wọn ni kò gba ṣáwá, ó yẹ kí wọ́n jẹ ẹyin tán. Bí ó bá jẹ́ pé inú wọn ni kò gbà á, ó yẹ kí oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, nítorí inú ènìyàn kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Kò yàtọ̀. Ohunkóhun tí mo bá sè, ohun kan náà ló ń kù: òkèlè díẹ̀ àti ohun tó dára jù nínú àwo. Mo gbìyànjú kan sí i. Mo gún ẹja náà lúbúlúbú pẹ̀lú eegun rẹ̀, mo rò ó pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kí ó má ṣeé yọ. Bàbá mi tọ́ ọ wò, wọ́n bi mí pé ẹja dà. Mo ní ó wà nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì ọbẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ní Sátidé mo lọ sí Oǹdó láti lọ wu kókò lẹ́yìnkùlé ilé wa, torí kókò tiwa kò ní owó lórí yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Ilé bàbá mi kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń lọ láti kékeré. Mo wu kókò náà kún àpò, mo já ewúro díẹ̀, lẹ́yìn náà mo wọ inú pálọ̀ láti sinmi. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ògiri. Àga bàbá mi kọjú sí mi. Mi ò tíì jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó kéré.

Ibẹ̀ ni àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jókòó nígbà tí bàbá wa bá ń jẹun. A ti jẹ tiwa nígbà náà. A máa ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Bàbá mi á jẹ iyán wọn, wọn ò ní wojú wa, títí wọ́n á fi ní, “Ẹ gbé e.” Àwo náà kì í ṣófo láé. Iyán á wà nínú rẹ̀, ẹran á sì wà lórí iyán náà. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ń pín in, èmi ni mò ń mú kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kà á sí oore. Ẹ̀tọ́ wa ni. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bàbá mi sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ru igbá kankan.

Ohun tí mi ò tíì rò rí, àfi bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni apá ti ìyá mi. Ẹran méjì ni ìyá mi máa ń bù sí àwo bàbá wa. Ọ̀kan lára rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá wa rárá. Ìyá mi mọ̀ pé yóò kù, wọ́n sì ń sè é mọ́ ọn. Èmi, ọ̀kan ni mò ń bù. Bàbá mi ń fi ọ̀kan náà sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ tó sì wà nílé, èmi ni. Láàárọ̀ mo jẹ ẹ́, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe jẹ ẹ́, wọ́n rí i pé àwo ti mọ́, èyí sì fi hàn wọ́n pé ebi ń pa mí. Lálẹ́, wọ́n tún fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, oúnjẹ tó kù ń fi hàn pé wọn ò lè jẹ ẹ́. Olúkúlùkù wa ló ń rí ẹ̀rí ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ nínú àwo kan náà. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé báyìí gẹ́lẹ́ ló rí lọ́kàn wọn. Àmọ́ kò sí ìtumọ̀ mìíràn tó gba gbogbo ohun tí mo ti rí wọlé bí èyí.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Àkúrẹ́, mo gbé àpò kókò náà lé ẹsẹ̀ mi, mo ń ro ohun tí mo lè ṣe. Mi ò lè máa ra ẹja méjì bíi ti ìyá mi. Ó kù kí n sọ ọ́. Ní ilé wa, ọmọ kì í sọ fún bàbá pé kó jẹun tán.

Mo sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi jókòó lẹ́nu ilé ìdáná, wọ́n ń bá mi ha kókò. Àlájà wà níbi ààrò tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ ẹja yín.”

“Mò ń jẹ ẹ́.”

“Ẹ kì í jẹ ẹ́. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́.”

Wọ́n ha kókò tó wà lọ́wọ́ wọn tán kí wọ́n tó fèsì. “Ta ni mo ní kó jẹ ẹ́, bí kì í bá ṣe ìwọ?”

“Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.”

“O rò pé ojú mi ti fọ́ ni? O ń bu ẹja fún mi, o ń bu omi fún ara rẹ. Ṣé kí n wá jókòó máa fa ẹja ya, kí ọmọ mi máa wò mí lẹ́nu?”

“Mi ò wò yín lẹ́nu, Bàámi.”

“O ti wò mí lẹ́nu rí. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé yín a dojú délẹ̀, ẹ ó ní ẹ̀ ń kà á.”

Mi ò mọ̀ pé wọ́n rí i nígbà náà. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi nígbà tí wọ́n wà níta, gbogbo rẹ̀, títí kan ikú. Wọn ò tíì gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń dúnàá-dúrà lọ́jà.

“Ìwọ ni kó kọ́kọ́ jẹun. Níwájú mi. Bí mo bá rí i pé o yó, n ó jẹ tèmi tán.”

Mo ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í jókòó jẹun kí bàbá rẹ̀ máa dúró.

“Ta ló wà níbí tí yóò sọ fún wọn l’Óǹdó?”

“Èmi ń bẹ níbí,” ni Àlájà wí láìyíjú. “Màá wọkọ̀ lọ sọ fún wọn.”

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ìdàkejì. Bí mo bá ti bu oúnjẹ tán lálẹ́, èmi á jókòó sórí àpótí, bàbá mi á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àwo wọn á wà ní bíbò níwájú wọn, wọ́n á sì máa wò mí. Kò rọrùn láti gbé òkèlè mì báyẹn. Mo rò pé kò rọrùn fún àwọn náà láti wò ó, torí wọ́n sábà máa ń wá ọ̀rọ̀ kan sọ, nípa òjò, nípa ẹni tó kú l’Óǹdó, nípa pé iyán kókò ń fẹ́ ọwọ́ tó le ju tèmi lọ.

Ìṣòro tó kù ni pé owó tó wà kò pọ̀ sí i nítorí pé a ti yí ìjókòó padà. Bí èmi náà bá jẹ ẹja, ẹja tiwọn á dín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbúre kún àwo mi, torí gbúre ń hù lẹ́yìn ògiri wa lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá sì pọ̀, ó máa ń mú àwo kún. Bàbá mi na ọrùn wò ó lálẹ́ ọjọ́ kejì.

“Ewúrẹ́ ni ọ́ àbí ènìyàn?”

Mo ní dókítà sọ pé ẹ̀fọ́ dára. Wọ́n ní èmi kọ́ ni dókítà ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń gé ṣáwá kan sí méjì. Ara rẹ̀ á lọ sínú àwo bàbá mi, orí àti ìrù rẹ̀ á wá sí tèmi, màá sì to orí náà sókè lórí ẹ̀fọ́, kó lè dà bíi pé ẹja kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹyin, mo máa ń pò ó mọ́ ata kí n tó dín in, kí ó má sí pé à ń ka ìdajì. Kókò tí mo gbé bọ̀ ni mo lò jù. Mo gún un, mo sè é bí àsáró, mo rin ín mọ́ ẹ̀wà tó ṣẹ́kù, mo dín in. Bí bàbá mi bá mọ ohun tó wà lábẹ́ orí ẹja yẹn, wọn ò sọ ọ́, èmi náà ò sì bi wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n pa àdéhùn mọ́. Wọ́n á ṣí àwo wọn, wọ́n á gbàdúrà kúkúrú, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán, eegun nìkan ló máa ń kù. Wọn kì í wo ọ̀dọ̀ mi bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwo náà ṣófo, wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí.

Ebi máa ń pa mí láàárọ̀ nígbà yẹn. Gàrí lásán kì í pẹ́ nínú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹ̀jẹ̀ náà ti gòkè. Kò gòkè púpọ̀, àmọ́ ó ti kọjá ibi tí dókítà ń wá. Ó ní kí n máa ṣe ohun tí mò ń ṣe. Mi ò lè sọ pé ẹja ló ṣe é. Wọ́n ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ́ nígbà náà, wọ́n sì ti kúrò nídìí iṣẹ́ oko fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bóyá ìsinmi náà nìkan tó bẹ́ẹ̀. Àlájà ní àdúrà òun ni. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n fún wa lọ́jọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, bàbá mi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ibi iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ọwọ́ di aṣọ aláwọ̀ ewé mú lẹ́yìn nítorí pé kò dé dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé wọn jáde ní ọ̀sán, bàbá mi ṣì ń sùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbà kí wọ́n jẹun, mo gbé ẹ̀kọ àti ẹyin wá. Wọ́n mu ẹ̀kọ náà tán. Wọ́n jẹ ìdajì ẹyin, wọ́n wá ní kí n gbé ìdajì tó kù fún ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì dé láti àárọ̀. Mo gbé e fún un. Ó ti rẹ̀ mí jù láti jiyàn, àdéhùn wa kò sì kan ẹni yẹn.

Wọ́n padà sí Oǹdó nígbà tí ojú egbò jiná. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ń bá wọn se oúnjẹ, ọmọ méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n máa ń ní àwọn ń jẹun dáadáa, pé àwọn ń jẹ ẹja, pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò kà á sí ẹ̀rí, torí ohun kan náà ni wọ́n ì bá sọ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fojú ara mi rí kẹ́yìn ni ti gáréèjì, ní àárọ̀ tí wọ́n lọ. Mo ti se ìrẹsì aláta sínú kúlà kékeré kan, mo fi ṣáwá kan lódindi lé e, mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀. Obìnrin kan wọlé tẹ̀lé wọn, ó gbé ọmọ kan lé itan, ọmọ náà sì kọjú sí kúlà. Awakọ̀ gba owó tán, ó sì tan ọkọ̀. Bàbá mi ṣí ìdérí kúlà náà, wọ́n fi ìka méjì mú ẹja náà sókè, ọkọ̀ sì yí orí sí ọ̀nà Oǹdó.